Ipò Ọkàn, Èsì Iṣẹ́ àti Ẹ̀kọ́ Láàárín Ikọ̀ Òṣìṣẹ́

Olùwádìí Amy Edmondson rò pé wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá mọwọ́ ara wọn, tí ọ̀gá wọn sì jáfáfá, ni àṣìṣe oògùn yóò ti kéré jù. Òdì kejì ló bá ní Amẹ́ríkà: irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Ẹlòmíràn tí kò mọ èsì yìí ló lọ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀, ohun tó rí ló sì tú àdìtú náà. Ní wọ́ọ̀dù kan, nọ́ọ̀sì lè sọ pé òun ṣi oògùn fún aláìsàn, kí wọ́n sì jọ wá ohun tó fà á. Ní òmíràn, ìbáwí ló ń dúró de ẹni tó bá lanu, ni kálukú bá pa ẹnu mọ́. Ọdún 1996 ni ìwádìí náà jáde, mo sì fi ṣáájú nítorí pé àkọsílẹ̀ tó mọ́ tónítóní lè jẹ́ ẹ̀rí ìbẹ̀rù.

Ní 1999, Edmondson yẹ ikọ̀ 51 wò ní iléeṣẹ́ kan. Níbi tí ọkàn òṣìṣẹ́ ti balẹ̀ pé wọn kò ní dójú ti òun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ìrànlọ́wọ́, tí wọ́n sì ń sọ àṣìṣe wọn jáde.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ẹ̀rín àti ọ̀yàyà. Lóòótọ́, Sigal Barsade (2002) fi hàn pé inú dídùn ẹnì kan a máa ran àwọn tó kù, aáwọ̀ a sì dín kù. Ṣùgbọ́n Jennifer George àti Jing Zhou (2002) rí i pé ipò ọkàn tí kò dára náà lè bá àrà tuntun rìn, bí òṣìṣẹ́ bá mọ bí nǹkan ṣe rí lára òun, tí iléeṣẹ́ sì ń mọ rírì àrà bẹ́ẹ̀.

Èsì tí à ń fún òṣìṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó àbájáde 607 jọ lórí irú èsì bẹ́ẹ̀ ní 1996. Lápapọ̀, èsì ń ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ńṣe ni iṣẹ́ burú sí i. Àlàyé wọn ni pé èsì a máa sọ agbára nù bó bá gbé ojú ẹni kúrò lára iṣẹ́ lọ sára irú ẹni tí òun jẹ́. Ìyìn pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀. “Aláìbìkítà ni ọ́” kò sọ ohun tí akọ̀wé yóò tún ṣe. “Iye ìlà kẹta kò bá rìsíìtì mu” sọ ọ́.

Ipò àgbà náà kan ìfọ̀kànbalẹ̀ òṣìṣẹ́. Ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe fún ọmọ tuntun, Ingrid Nembhard àti Edmondson (2006) rí i pé ọkàn dókítà balẹ̀ ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Níbi tí ọ̀gá bá ti ń pe àwọn yòókù sí ọ̀rọ̀, àlàfo náà dín kù. Èyí kan ọ́fíìsì wa gbọ̀ngbọ̀n, níbi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń wo ojú ọ̀gá kó tó sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Mo fẹ́ kí àwọn olùwádìí wa wo ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń yí padà ní iléeṣẹ́ Èkó àti Ìbàdàn.