Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lára náírà

Tí ẹ bá ti ọjà bodè dé, ẹ wo ẹ̀yìn owó 20 náírà. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti abúlé Kwali, ní àárín Nàìjíríà. Ọwọ́ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Kò lo ẹ̀rọ fún ìkòkò ìbílẹ̀ rẹ̀. Á ká amọ̀ léra wọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí ìkòkò po, á wá fín alángbá tàbí àkekèé sí i lára.

Ní 1954 ló wọ ilé iṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí. Ife, abọ́ àti ìkòkò tíì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Iná wọn le ju ti abúlé lọ, ó tó nǹkan bíi 1300 dígírì, ara abọ́ á sì máa dán bíi gíláàsì. Irú abọ́ bẹ́ẹ̀ kì í fa omi ọbẹ̀ mu, ó dára.

Àmù wá ńkọ́? Àmù tí kò bá làágùn kò lè mú omi tutù. Nítorí náà, àwọn ìkòkò ńlá dídán tí Ladi ṣe, tí wọ́n pàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958, wíwò ni wọ́n wà fún. (Àwọn ìyá wa ní Kétu ì bá bèèrè pé kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe!)

Ó kú ní 1984. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ilé iṣẹ́ náà.