Thomas Kurtz, ọkùnrin tó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa lo kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Computer Studies ní sẹ́kọ́ńdìrì, ṣé ẹ rántí 10 PRINT, 20 LET, tí tíṣà máa ń kọ sójú pátákó, tí ẹ̀yin náà á máa dà á kọ sínú ìwé láìsí kọ̀ǹpútà kankan níwájú yín? BASIC lorúkọ èdè yẹn. Ẹni méjì ló ṣẹ̀dá ẹ̀ ní Dartmouth College, ní ìlú Hanover, New Hampshire, l'Ámẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ lónìí. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀. 🧵

Thomas Kurtz lorúkọ ẹ̀. Wọ́n bí i ní 1928 ní Oak Park, Illinois. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Princeton ní 1956, ọdún yẹn náà ló sì dé Dartmouth. John Kemeny ló mú un wá. Kemeny yìí, ọmọ Hungary tí àwọn ẹbí ẹ̀ sá wá sí Amẹ́ríkà nígbà tí ayé le fáwọn Júù, òun lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Òun ló padà di ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní 1970. Kurtz ò lariwo. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó di kọ̀ǹpútà kọ́lẹ́ẹ̀jì mú lójoojúmọ́ la ń sọ, Kurtz ni kẹ́ ẹ wò.

Nígbà tó dé, Dartmouth ò ní kọ̀ǹpútà kankan. Èyí tí wọ́n lè lò wà ní MIT, lẹ́bàá Boston. Nígbà yẹn, inú káàdì tí wọ́n lu ihò sí lèèyàn ń kọ program sí. Kurtz á kó káàdì ẹ̀ sínú àpótí irin, á wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ kùtù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Á kó o fún wọn ní MIT, á dúró gba èsì, á padà sílé lálẹ́. Tí àṣìṣe kékeré kan bá wà nínú ẹ̀, ó tún di ọ̀sẹ̀ méjì míì nìyẹn. Ẹ wo ìyà!

Ìrìn àjò yẹn kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó kọ program kan ní èdè tó le, èyí tó sún mọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ronú. Ó fi oṣù bíi mélòó kan jà á, ó jẹ ju wákàtí kan lọ lórí kọ̀ǹpútà MIT, kò ṣiṣẹ́. Nígbà tó sú u, ó tún un kọ ní FORTRAN, èdè tó rọrùn díẹ̀ fún èèyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, èsì jáde. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló jẹ. Àwọn ọ̀gá ayé ìgbà yẹn ń sọ pé èdè tó rọrùn ń fi àsìkò kọ̀ǹpútà ṣòfò. Kurtz ti fojú ara ẹ̀ rí i pé irọ́ ni.

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Dartmouth ni kì í ṣe sáyẹ́ǹsì tàbí ẹnjiníà. Ìtàn, òfin, ètò ìṣèlú, ọrọ̀ ajé, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn yìí náà ló máa padà di ọ̀gá báńkì àti aṣòfin tó máa pinnu ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fún aráàlú. Kurtz ní kí wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ṣí láíbìrì sílẹ̀: wọlé, mú ìwé, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè owó.

Báwo lẹ̀rọ kan ṣe máa tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn? John McCarthy ní MIT ló dámọ̀ràn kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa lò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ tó ń dá oníbàárà mẹ́wàá lóhùn: ó bu ìrẹsì fún tìhín, ó da ọbẹ̀ sí ti tọ̀hún, ó gba owó lọ́wọ́ ẹnì kẹta, ó tún padà sí tìhín. Bí kọ̀ǹpútà náà ṣe máa ṣe nìyẹn, àfi pé yóò yára débi pé kálukú á rò pé òun nìkan ló ń dá lóhùn.

Ẹ wá gbọ́ eléyìí: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè ni Kurtz àti Kemeny gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́! Nígbà tí wọ́n bèèrè owó lọ́wọ́ National Science Foundation, àwọn kan ń ṣiyèméjì pé ṣé ọmọdé lè ṣe é. Wọ́n rí owó náà gbà ṣá. Ní 1 May 1964, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, program BASIC méjì ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láti orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì.

Kódà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀, HELLO ni. Tó o bá fẹ́ jáde, GOODBYE. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹni tó ń ro tàwọn tí ẹ̀rù ń bà nìkan ló máa rántí kíkí.

Ní 1966 wọ́n ṣí ibùdó Kiewit, Kurtz sì di olùdarí ẹ̀ títí di 1975. Níbòmíì, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ka owó kọ̀ǹpútà. Ní Dartmouth, ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń gbá géèmù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lé wọn. Kemeny fúnra ẹ̀ kọ géèmù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan. Wọ́n tún fi wáyà tẹlifóònù so àwọn ilé-ìwé girama àti kọ́lẹ́ẹ̀jì míì mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́: “gbogbo akẹ́kọ̀ọ́” tí mò ń wí yẹn, ọkùnrin ni wọ́n. Dartmouth ò gba obìnrin wọlé láti gboyè àkọ́kọ́ títí di 1972, Kemeny ló wà lórí àléfà nígbà tí wọ́n yí i padà.

Wọn ò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ lo BASIC, torí náà kálukú ló ń tún un ṣe bó ṣe wù ú. Bill Gates àti Paul Allen ṣe tiwọn fún kọ̀ǹpútà Altair ní 1975, ibẹ̀ sì ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀. Inú Kurtz àti Kemeny ò dùn sí gékúgèé BASIC tó kún ìgboro. Ní 1983 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láti ṣe èyí tí wọ́n pè ní True BASIC, ìyẹn ojúlówó. Kò gbilẹ̀ tó àwọn ayédèrú yẹn.

Lẹ́yìn Kiewit, Kurtz ń bá iṣẹ́ olùkọ́ ẹ̀ lọ ní Dartmouth, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1993. Kemeny ti kú ní 1992. Òun kú ní 12 November 2024, lẹ́ni ọdún 96, ní Lebanon, New Hampshire, ìlú tó múlé gbe Hanover.