Àtúntò Ojú Ilẹ̀ Pápákọ̀ Òfurufú Nínú Sìmúlétọ̀ Bàálù

Sìmúlétọ̀ bàálù ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń sín ìwakọ̀ òfurufú jẹ. Àtúntò ojú ilẹ̀ pápákọ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn tó ń lò ó máa ń ṣe láti pààrọ̀ ilẹ̀ tí ètò náà bá wá, kó lè jọ ti pápákọ̀ gidi. Lára ilẹ̀ yìí ni ránwéè tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ kó tó gbéra, ọ̀nà tó ń tọ̀ dé ibẹ̀, ibi tó ń dúró sí láti já èrò, pẹ̀lú ìlà, iná, koríko àti gegele tó yí wọn ká. Apá méjì ni iṣẹ́ náà ní: ohun tí ojú ń rí, àti ohun tí ètò mọ ilẹ̀ náà sí. Bí apá méjèèjì kò bá bára mu, bàálù lè máa rìn lórí ọ̀dà tó ń dán, kó sì máa gbọ̀n bí ẹni pé inú koríko ló wà.

Ìtàn

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ jẹ́ nínú àwọn sìmúlétọ̀ àkọ́kọ́ tí Bruce Artwick ṣe fún kọ̀ǹpútà inú ilé ní ìparí àwọn ọdún 1970. Microsoft gbé Flight Simulator tirẹ̀ jáde ní 1982, pápákọ̀ Meigs Field ní Chicago sì ni ibi tí olùlò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà náà, ohun tí ilé-iṣẹ́ bá yà sílẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Àwọn olùlò ni wọ́n yí èyí padà. AFCAD, irinṣẹ́ tí Lee Swordy ṣe, gbajúmọ̀ láyé Flight Simulator 2002 àti 2004. Ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè fa ọ̀nà kó sì to ibi ìdúró bàálù. Airport Design Editor ló tẹ̀ lé e, tí wọ́n lò gan-an fún Flight Simulator X tó jáde ní 2006. Lọ́dọ̀ X-Plane, tí Austin Meyer dá sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Laminar Research ń fún gbogbo ènìyàn ní WorldEditor lọ́fẹ̀ẹ́. FlightGear, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kóòdù rẹ̀ wò, ń ka irú fáìlì pápákọ̀ kan náà tí X-Plane ń kà. Ní 2020, Asobo Studio ti ilẹ̀ Faransé ṣe Microsoft Flight Simulator tuntun tó ń lo àwòrán ilẹ̀ láti Bing Maps. Láti ìgbà náà, àwòrán gidi ti wà nílẹ̀ kí aṣàtúntò tó dé. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kó gbá a mọ́, kó sì ya ohun tó yẹ lé e.

Ìpele lórí ìpele

Bí ẹní tí a tẹ́ lé ara wọn ni ojú ilẹ̀ pápákọ̀ ṣe rí. Gíga ilẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwòrán tí sátẹ́láìtì tàbí bàálù yà láti òkè wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ránwéè, ọ̀nà ìrìn àti ibi ìdúró. Abàwọ́n ló tẹ̀ lé wọn: epo tó dà sílẹ̀, ojú ibi tí kọnkéré ti sán, àti dúdú tí táyà ń fi sílẹ̀ níbi tí bàálù ti ń balẹ̀. Ìlà àti nọ́ńbà ló gbẹ̀yìn. Bí ìpele méjì bá wà ní gíga kan náà gẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà kò ní mọ èyí tí yóò fi hàn, ilẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí àwọn irinṣẹ́ fi ń fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ipò tirẹ̀.

Àwòrán láti òkè nìkan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Bí píksẹ́ẹ̀lì kan bá dúró fún 30 sẹ̀ǹtímítà, àwòrán tó ní píksẹ́ẹ̀lì 4,096 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ní ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ránwéè ńlá ń gùn tó kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Síbẹ̀, ìlà òfeefèé tí awakọ̀ ń tọ̀ lórí ilẹ̀ lè má fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì kan: sẹ̀ǹtímítà 15 ni òfin àgbáyé ní kó fẹ̀ ó kéré tán. Ìdajì píksẹ́ẹ̀lì lásán nìyẹn, á sì di kúrukùru lójú ẹni tó jókòó nínú bàálù. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń fa ìlà lọ́tọ̀, tí kì í ṣe pé wọ́n fi í sílẹ̀ fún fọ́tò. Òjìji ilé àti bàálù tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò náà tún gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bàálù pẹlẹbẹ kan á wà lórí kọnkéré títí láé.

Nọ́ńbà, ìlà àti iná

Ìhà tí ránwéè kọjú sí lórí kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń fún un ní nọ́ńbà: a ó pín dígírì rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Èkó, tí kóòdù rẹ̀ ń jẹ́ DNMM, ránwéè méjèèjì dojú kọ gúúsù àti àríwá, nítorí náà 18 àti 36 ni wọ́n ń jẹ́. Lẹ́tà L àti R ló ya ti òsì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àríwá tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí kì í dúró lójú kan. Ní 2009, ránwéè Stansted nítòsí London yí padà láti 05/23 sí 04/22. Ẹni tó bá ń tún irú pápákọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yí nọ́ńbà inú fáìlì padà, kó sì tún èyí tí wọ́n kùn sílẹ̀ yà.

Ìlà gbọọrọ tó wà ní ẹnu ránwéè náà ní ìṣirò: méjìlá ni fún ránwéè tó fẹ̀ ní mítà 45, mẹ́rìndínlógún fún ti mítà 60. Funfun ni àmì orí ránwéè, òfeefèé ni ti ọ̀nà ìrìn. Ní alẹ́, iná funfun ló wà ní etí ránwéè, búlúù ní etí ọ̀nà ìrìn, àwọ̀ ewé ní àárín ọ̀nà náà. Iná mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní PAPI wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìbalẹ̀. Bí awakọ̀ bá rí funfun méjì àti pupa méjì, ó wà lójú ọ̀nà tó tọ́. Bí aṣàtúntò bá ṣi igun rẹ̀ gbé, iná náà á máa pe bàálù wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó fi í sílẹ̀ lókè.

Ohun tí ojú kò rí

Fáìlì apt.dat ti X-Plane fi apá yìí hàn kedere, nítorí nọ́ńbà ló ń ṣáájú ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: 100 ni ránwéè, 110 ni ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́, 120 ni ìlà tí wọ́n kùn, 130 ni ààlà pápákọ̀, 1300 ni ibi ìdúró. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ bóyá ọ̀dà, kọnkéré, koríko tàbí yẹpẹ̀ ni ilẹ̀, èyí tó ń pinnu bí táyà yóò ṣe dì í mú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ojú kókó tí wọ́n so pọ̀ lórí ọ̀nà ìrìn. Òun ni bàálù tí ètò fúnra rẹ̀ ń wà máa ń tọ̀, òun náà sì ni adarí òfurufú inú ètò fi ń júwe ọ̀nà. Bí ojú kókó kan bá já, bàálù wọ̀nyí lè máà rí ọ̀nà dé ránwéè.

Gíga ilẹ̀ tún jẹ́ ìṣòro tirẹ̀. Flight Simulator X ka gbogbo pápákọ̀ sí pẹrẹsẹ. Èyí ba àwọn ibi bíi Lukla ní Nepal jẹ́, tí ránwéè rẹ̀ gùn ní mítà 527, tó sì gun òkè ju ìdá 11 nínú 100 lọ. Courchevel ní ilẹ̀ Faransé le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá 18 nínú 100 àti díẹ̀ ni ibi tó gun òkè jù níbẹ̀. Nínú X-Plane, ránwéè lè tẹ̀ lé òkè àti ilẹ̀. Microsoft Flight Simulator ti 2020 náà fàyè gba kí aṣàtúntò fúnra rẹ̀ mọ gegele náà.

Fífi í síbi tó yẹ

Fódà Community ni Microsoft Flight Simulator 2020 ti ń wá àtúntò tí a bá fi kún un. Custom Scenery ni ti X-Plane, fáìlì scenery_packs.ini sì ló ń to ipò: èyí tó wà lókè ló borí. Bí ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí bá dàrú, ilé méjì lè wọ inú ara wọn tàbí kí igi hù láàárín ọ̀nà. Lórí VATSIM, níbi tí ènìyàn gidi ti ń darí àwọn awakọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2001, ìyàtọ̀ ilẹ̀ tún máa ń hàn: ẹni tó dúró síbi tó yẹ lójú ara rẹ̀ lè wà láàárín koríko lójú ẹlòmíràn tó ń lo àtúntò mìíràn.

Pápákọ̀ tí kò sí mọ́

Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2003, ìjọba ìlú Chicago fi katapílà hú ránwéè Meigs Field. Flight Simulator 2004 jáde lọ́dún náà pẹ̀lú Meigs nínú rẹ̀. Kai Tak ní Hong Kong, tí wọ́n tì ní 1998, náà ṣì ń gba bàálù nínú sìmúlétọ̀, nítorí àwọn aṣàtúntò ń dá ilẹ̀ rẹ̀ padà síbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àti ìpínkiri

Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Aerosoft ti Jámánì, Orbx ti Australia àti FlyTampa ń ta tiwọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pín tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwòrán sátẹ́láìtì ní olówó, ẹni tó bá sì gé e láti orí máàpù ilé-iṣẹ́ kan kò láṣẹ láti pín in kiri bó ṣe wù ú. X-Plane Scenery Gateway yẹra fún wàhálà yìí: ohun tó wà nínú ètò tẹ́lẹ̀ nìkan ni ẹni tó ń fi pápákọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ lè lò. Pápákọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ sí á wọ inú X-Plane fún gbogbo olùlò, ẹlòmíràn sì lè gbà á, kó ṣe àtúnṣe, kó dá a padà. Ìyẹn wúlò gan-an nítorí pápákọ̀ gidi ń yí padà: ilẹ̀ èyíkéyìí tí wọ́n ṣe fún DNMM ṣáájú 2022 kò ní gbọ̀ngàn tuntun tí wọ́n ṣí ní Èkó lọ́dún náà, àfi bí ẹnìkan bá tún un tò.