Ta Ni Ìyá Tó Bí Ìyá-Àgbà Yín?



Obìnrin kan wà láyé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó máa ń gbá mọ́sálásí. Nígbà tó kú, àwọn sàábé sin ín láìsọ fún Ànábì, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan lójú wọn. Ànábì béèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì kírun sí i lára níbẹ̀. Bukhari àti Muslim gba ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ka ìran yín, orúkọ àwọn bàbá lẹ máa kà. Ìyá tó bí ìyá-àgbà yín, kí lorúkọ wọn?

Ẹ lè sọ pé kò sí ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí. Orúkọ pàápàá, ìwé ni. Ẹni tó ń jẹ́ Ìdòwú, ìyá rẹ̀ ti bí ìbejì ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ Yétúndé, ìyá àgbà kan ti kú nínú ẹbí kí wọ́n tó bí i. Àwa mùsùlùmí mọ̀ pé òkú kì í padà wá sáyé, ṣùgbọ́n orúkọ náà jẹ́rìí sí ikú yẹn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ìlú náà a máa júwe ọdún. Ká ní ọmọ Abẹ́òkúta ni yín. Bí àwọn àgbà bá ní ìyá náà ń pọn àkọ́bí wọn nígbà ogun Àdùbí, 1918 nìyẹn. Wọ́n ti dáyé ṣáájú 1905. Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde nítorí owó-orí ní 1947, níbo ni wọ́n wà? Gbogbo wa mọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì tó ṣaájú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́jà àti aláró ló tẹ̀lé e, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi gbé oyè sílẹ̀ ní 1949. Ó lè jẹ́ pé ìyá yín wà láàárín wọn.

"Ó lè jẹ́" kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" o. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, bí àwọn onímọ̀ hádíìsì ti ṣe. Bí ọ̀rọ̀ àgbà méjì bá takora, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ má fi irọ́ dí àlàfo.

Ẹ má sì fi falẹ̀. Arúgbó kan ṣoṣo tó mọ ìtàn yẹn lè má rí oṣù tó ń bọ̀. Ẹ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ béèrè.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú àwọn ìyá wa mùsùlùmí tó ti ṣáájú wa lọ, àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a kò mọ̀. Àmín.