Owó Idẹ Róòmù, Àwo Idẹ Bìní àti Orúkọ Arákálẹ̀

Idẹ kì í tètè bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọba ayé àtijọ́ fi ń ya àwòrán ìṣẹ́gun wọn sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ́gun ló máa ń ní idẹ. Kí ni ẹni tí a ṣẹ́gun máa ń ní? Ìtàn Róòmù àti ìtàn Àkúrẹ́ lè ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn.

Ní ọdún 70 Sànmánì Tiwa, Titus, ọmọ Vespasian ọba Róòmù, ṣẹ́gun Jerúsálẹ́mù, Tẹ́ḿpìlì sì jóná. Ní ọdún kejì, Vespasian bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó idẹ fún ìrántí ogun náà. Orí ọba wà ní ojú kan. Ní ojú kejì, igi ọ̀pẹ kan dúró, obìnrin kan sì jókòó sí ìdí rẹ̀, ó ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó wà níbẹ̀ ni IVDAEA CAPTA, èyí ni pé, 'A ti kó Jùdíà ní ìgbèkùn.' Kò sí ìwé ìròyìn nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kì í náwó. Ẹni tó ra búrẹ́dì àti ẹni tó tà á ni wọ́n jọ ń gbé ìròyìn ọba kiri. Nígbà tí àwọn Júù ṣọ̀tẹ̀ láàárín ọdún 132 sí 135, owó Róòmù gan-an ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n tún un lù, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ òmìnira Jerúsálẹ́mù sí i lára.

Ní tòsí wa, Bìní gba ọ̀nà mìíràn. Láti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn Potogí ti ń kó mánílà, owó tó rí bí ẹ̀gbà ọwọ́, wá sí etíkun wa. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ Bìní ń yọ́ idẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣe àwo tí a kàn mọ́ òpó ààfin. Jagunjagun àti ogun wà lára àwọn àwòrán rẹ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2023 lórí mánílà tí a rí nínú àwọn ọkọ̀ tó rì fi hàn pé láti agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni púpọ̀ nínú idẹ náà ti wá. Róòmù sọ ìṣẹ́gun di owó. Bìní sọ owó di ìrántí ìṣẹ́gun.

Ní nǹkan bí ọdún 1818, nígbà tí Osemwende jẹ́ Ọba Bìní, ogun Bìní ja Àkúrẹ́, wọ́n sì pa Déjì Arákálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rọ owó fún un. Síbẹ̀, òpópónà Arákálẹ̀ wà láàárín ìlú Àkúrẹ́ lónìí, awakọ̀ àti ọlọ́jà sì ń pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ìlú Oǹdó bákan náà, ọdọọdún ni a ń ṣe ọdún Ògún, òrìṣà irin àti ogun: ìlù, orin àti ijó ni ìwé ìtàn níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí idẹ ọba, kí ó wo ẹni tó gun ẹṣin, kí ó sì béèrè orúkọ ẹni tó jókòó sí ìdí ọ̀pẹ.