Sẹ́ǹtì 50 Lóṣù: Bí Adójútòfò Ìlera Ṣe So Mọ́ Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló gba káàdì HMO níbi iṣẹ́. Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé kí ló kan ọ̀gá yín nínú ìlera yín? Ká lọ sí Dallas, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1929. Gbèsè ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

Justin Ford Kimball ló ń bójú tó ilé ìwòsàn Baylor. Nígbà tó yẹ ìwé gbèsè wọn wò, orúkọ àwọn olùkọ́ ló kún ibẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n dáadáa, torí òun ló ti jẹ́ ọ̀gá àgbà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà tẹ́lẹ̀. Ó wá ní kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa san sẹ́ǹtì 50 lóṣù, ìyẹn dọ́là 6 lọ́dún. Bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, yóò lo ọjọ́ 21 ní Baylor láìsan owó bẹ́ẹ̀dì. Owó dókítà kò sí nínú rẹ̀ o.

Ẹni tí kò ṣàìsàn ńkọ́? Kò ní gba nǹkan kan padà. Kì í ṣe àjọ tí à ń kó nìyẹn! Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó dá lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Kimball fi fẹ́ kí wọ́n wọlé lọ́pọ̀, torí bó bá jẹ́ àwọn aláìsàn nìkan ló ń san, kíá lowó á tán. Olùkọ́ tó lé ní 1,200 ló fọwọ́ sí i.

Ètò yìí ló di Blue Cross. Iye kan náà ni àgbà àti ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń san. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wá èrè dé, wọ́n ń díye lé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ara wọn ṣe le tó. Àwọn ọ̀dọ́ sá tẹ̀lé owó pọ́ọ́kú, owó àwọn àgbà sì lọ sókè. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1942, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de àfikún owó oṣù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ bá ń fi adójútòfò fà wọ́n mọ́ra. Ní 1954, òfin fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Bó ṣe di pé ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ń pàdánù káàdì rẹ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí ti Nàìjíríà gbéra lọ́dún 2005, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lòun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà kò ní owó oṣù tí wọ́n lè yọ ọ́ nínú rẹ̀. Ọdún 2022 ni òfin tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.