Ta Ló Ni Ẹrù Náà? Ọmọ Oníwàhálà Nínú Eré Tẹlifíṣọ̀n, Láti Agodi Dé Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó jókòó tì í. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn ìlú wa yìí, nípa ọmọ oníwàhálà tí a máa ń wò nínú eré ẹbí lórí tẹlifíṣọ̀n, àti nípa àwọn tó bí i.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, Sátidé ni, ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi, n'Íbàdàn ńbí. WNTV ni wọ́n pè é. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló gbé e kalẹ̀, wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn làkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ìbínú wà nídìí ẹ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ sí wọn lórí rédíò ìjọba, Awólọ́wọ̀ ní òun fẹ́ fèsì, wọn ò gbà fún un. Òun náà bá wá ibi tí òun á ti máa sọ tòun.

Láti Bẹẹrẹ sí Agodi ò jìnnà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn tó wọ agboolé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọjà'ba, láàárín àwọn ọdún 1970, ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n, gbogbo àdúgbò ló ni pálọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ la máa ń jókòó sí. Bàbá onílé ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé, kò sì gba gbogbo èèyàn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá ti pè ní ìpáǹle, ojú fèrèsé ni tiwọn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ búlọ́ọ̀kù, wọ́n á máa yọjú. Nítorí náà, bí eré bá ń fi ọmọ oníwàhálà hàn nínú ilé, ọmọ oníwàhálà gan-an wà níta, ó ń wo ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Agodi. Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Sátidé náà ni, ni WNTV gbé eré gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà jáde. Ẹ bá mi ka ọjọ́ náà: láti ọjọ́ tí iléeṣẹ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, ogójì ọ̀sẹ̀ gééré ni, iye tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kà fún aláboyún. Ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ká gba òmìnira. Wọlé Ṣóyínká ló kọ eré náà, ọmọ ọdún 26 ni, ọdún yẹn gan-an ló ti ìlú Ọba dé. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló darí ẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ní èdè òyìnbó ni My Father's Burden. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ẹrù Bàbá Mi.

Ọmọ inú eré yẹn kì í ṣe ọmọ tó ń jí ẹja nínú ìkòkò o. Ọ̀dọ́kùnrin tó mọ̀wé ni. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni rìbá, ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ gbà kó ohun ìní jọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Nígbà àkọ́kọ́ tí a jókòó ṣe eré gidi nípa ìdílé kan fún tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ yìí, ọmọ ló ń dààmú, ṣùgbọ́n bàbá ni ìbéèrè wà fún.

Ta ló ní tẹlifíṣọ̀n ní 1960? Ṣé màmá alátà ní Ọjà'ba ni? Àwọn olóyè ni, àwọn lọ́yà, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn oníṣòwò ńlá. Àwọn bàbá gan-an ni wọ́n jókòó wò ó, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo máa ń rò ó pé báwo ni pálọ̀ yẹn ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ẹnì kan wúkọ́, bóyá ẹnì kan ní kí wọ́n lọ bu omi wá. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wẹ́tìẹ̀ dé. Àwọn ọmọ tó gbé pẹtiróòlù kiri láti ilé dé ilé nígbà yẹn, a pè wọ́n ní jàǹdùkú, wọ́n sì hu ìwà jàǹdùkú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fún wọn lówó pẹtiróòlù? Àwọn àgbà tó jókòó sí pálọ̀ ni.

Ṣẹ́gun Olúṣọlá yìí kan náà ló dá The Village Headmaster sílẹ̀, tó dé orí tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó ní 1968. Ìlú odindi ló wà nínú ìyẹn, tọba tìjòyè, títí kan ọ̀gá iléèwé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tó mi lọ́jọ́ orí mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ti Oyin Adéjọbí ni mo fẹ́ ká dúró sí. Ará Òṣogbo ni, olóògbé báyìí, ó kú ní ọdún 2000. Gbogbo wa la mọ Kóòtù Aṣípa tó ń ṣe lórí NTA Ìbàdàn. Kóòtù ni lóòótọ́: wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ọkọ á rò, ìyàwó á rò, kí ìdájọ́ tó wáyé. Ṣùgbọ́n bàbá yìí tún ní eré mìíràn, Orogún Adédigba, tó fi ìtàn ayé ara rẹ̀ ṣe. Ẹ wo àkọlé yẹn. Kò pè é ní Ọmọ Adédigba. Orogún ìyá lẹ́jọ́ kàn. Ilé olórogún tí ọmọ ti ń jìyà, àwa tí a dàgbà ní agboolé Ìbàdàn mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Mi ò ní purọ́, wàhálà orogún wà, ó sì ń ba ọmọ jẹ́. Ìbéèrè mi ni pé ọkùnrin tó kó wọn jọ, tó ń fi ẹran ọbẹ̀ ṣe ojúsàájú, níbo ló wà nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bi?

Ọdún 2001, Wálé Adénúgà gbé Super Story dé. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Àwọn pásítọ̀ tó ní ìpàdé àdúrà lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà yẹn mọ ohun tí ojú wọn rí! Oh, Father! Oh, Daughter! ni ìtàn àkọ́kọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni lónìí pé kí ló rántí nínú ẹ̀, Toyin Tomato ló máa dáhùn, obìnrin tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe. Bẹ́ẹ̀, bàbá àti ọmọbìnrin ni wọ́n kọ sí iwájú ìtàn náà. A rántí àlè, a gbàgbé ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ àwa onígbàgbọ́ báyìí. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1985 ni Mike Bámilóyè àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ dá Mount Zion sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ku ọjọ́ kan kó pé ọdún 25 sí ọjọ́ Ẹrù Bàbá Mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún iṣẹ́ wọn. Mo mọ èèyàn tó jẹ́ pé inú ilé tí wọ́n ti ń wo Agbára Ńlá ló ti kúnlẹ̀ fún Olúwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù àgbéléwò pọ̀ sí i, tí Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ń ṣe é, ọmọ oníwàhálà yí padà. Ó di emèrè. Ó di ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tí wọ́n fi bisikíìtì fún nílé ìwé. Ìyá á sunkún, bàbá á wọ agbádá funfun, wòlíì á dé, ọmọ á ṣubú lulẹ̀, eré parí. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni nínú ilé ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé pásítọ̀ ti ń sọ pé kò sí ẹ̀mí àìmọ́. Ó wà. Ẹ ṣí Máàkù orí kẹsàn-án. Wọ́n gbé ọmọ kan wá sọ́dọ̀ Jésù, ẹ̀mí náà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ó ti ń gbé e jù sínú iná àti sínú omi. Jésù lè lé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yíjú sí bàbá ọmọ, ó bi í pé láti ìgbà wo. Bàbá sì dáhùn, ó tún jẹ́wọ́ àìgbàgbọ́ tiẹ̀ náà kí ọmọ tó rí ìwòsàn. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí àwẹ̀ àti àdúrà ibẹ̀. Ìwàásù lórí ìbéèrè yẹn ò pọ̀.

Oṣù tó kọjá, ìyá kan láti Bẹyẹrúnkà mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún 11. (Ìyá náà ló ní kí n sọ ọ́, mo sì ti yí àwọn nǹkan kan padà.) Èlùbọ́ ló ń tà. Ọmọ ń jí owó ọjà. Ó ní òun rí irú ọmọ yìí gan-an nínú fíìmù kan, pé wọ́n ti fi nǹkan sí i lára. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun níbẹ̀, ojú pàṣán ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọdún 11! Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, ẹ̀yin ará.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ. Nígbà tó jẹun tán, mo bi ìyá rẹ̀ pé láti ìgbà wo. Ọmọ ló dáhùn. Bàbá rẹ̀ ń wa Mícrà fún olówó ọkọ̀ kan. Lálẹ́, bí olówó ọkọ̀ bá pè, bàbá á gbé fóònù fún ọmọ pé kó sọ pé òun wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ ti bàjẹ́, kò sówó lónìí. Ọjọ́ kan ó gbàgbé, ó ní bàbá òun ń jẹun. Wọ́n nà án. Mo ní owó ìyá rẹ ńkọ́? Ó wò mí bíi pé ìbéèrè yẹn ya òun lẹ́nu. Ó ní òun kàn ń sọ pé òun ò rí i ni.

A gbàdúrà fún un, a ó sì tún gbà á. Mo pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ọmọ náà ló gbé e. Ó ní bàbá òun wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ wá fún àdúrà ìtúsílẹ̀, Ọjọ́rú ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá àti bàbá la fẹ́ rí. Bí bàbá bá ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, kó fi àtẹ̀ránṣẹ́ sọ àsìkò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo máa dúró dè é, ì báà jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ má sì fi ebi pa ọmọ kó tó wá o. Kó jẹun.